Aago Méjìlá Ọ̀sán

Ìwé pélébé kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá Bọ́tìnì láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ náà fẹ́ wọ̀. Kí òbí mú ọ̀kan: kí ọmọ máa padà sílé ní aago méjìlá ọ̀sán, tàbí kó dúró di aago mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Bọ́tìnì tó gbé mì nígbà tó ń rákòrò ló fún un lórúkọ. Ìyá rẹ̀, aránṣọ tó ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. "Aago méjìlá ni. Èmi ni màá máa lọ mú un. Kí ni ọmọ tí ò lè nu imú ara rẹ̀ ń wá níbẹ̀ di aago mẹ́rin?"

"Aago mẹ́rin ni mo fẹ́, Màmá."

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i. "Ìwọ tó jẹ́ pé bí Bọ́tìnì bá sun ilé Màmá, o ò ní lè jẹun?"

Aránṣọ fàmì sí aago mẹ́rin, ó tẹ gègé títí ìwé fi ya. Ìyá ọkọ kùn pé àwọn ìyá ayé ìsinsìnyí kò ráyè ọmọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú aránṣọ kò ṣe é sọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, wọ́n ní kó lọ mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wálé láti jẹ́lé-ó-sinmi ní aago méjìlá. Ó bá àwọn ọ̀rẹ́ tó ń fo okùn pàdé lọ́nà, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa fò. Kó tó dé ẹnu géètì, àbúrò rẹ̀ ti dá jáde lọ wá a. Ọkọ̀ akóyanrìn kan gbá a pa ní ìkòríta. Ìyá wọn kò bá a wí. Títí tó fi kú, kò dárúkọ ọmọ náà mọ́.

Bọ́tìnì wọlé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kìíní, bí aago ṣe di méjìlá, aránṣọ gbọ́ bàtà kékeré kò, kò, kò lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, kò séèyàn. Ó sáré lọ sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ó ń wo àwọn ọmọ tó ń lọ sílé títí ẹni ìkẹyìn fi rí ọwọ́ àgbà dì mú. Láti ojú fèrèsé, ó rí Bọ́tìnì tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹnìkan fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni.

"Àṣé èmi nìkan kọ́ lolè tó ń yọjú wo ọmọ níbí! Ìyàwó mi, kí ló ń lé ọ?"

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́, láti orí okùn dé ìkòríta, ó di irin ọgbà mú.

Ìyá ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà náà?"

"Méje, mà."

"Ọmọ ọdún méje. Àgbà wo ló jókòó sílé tó rán ọmọ ọdún méje gba títì lọ mú ọmọ?"

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó jọ̀wọ́ irin ọgbà náà. Ìyá ọkọ gbá a mú.

Wọ́n yí ìwé náà padà sí aago méjìlá. Ní báyìí, Bọ́tìnì ń ráhùn pé ìyá àgbà ti máa ń dúró lẹ́nu géètì láti aago mọ́kànlá, pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàtà yẹn ṣì ń gun àtẹ̀gùn lọ́sàn-án. Aránṣọ kì í ṣílẹ̀kùn mọ́. Á dá ẹ̀rọ dúró, á pe àbúrò rẹ̀ lórúkọ, jẹ́jẹ́, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́.