Igi Olówùú Pupa

Ọ̀rẹ́ Bíríkìlà àti Télọ̀ ti pẹ́ débi pé ẹni tó bá ń wá ọ̀kan, ọ̀dọ̀ èkejì ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti jọ ń fi ìwọ̀ pẹja létí odò. Òkun kò jìnnà síbẹ̀, nítorí náà odò náà ń fà, ó sì ń kún lójoojúmọ́. Bó bá fà, òkìtì iyanrìn á yọ láàárín rẹ̀, orí òkìtì yìí ni wọ́n ti ń ju ìwọ̀ sínú ibú. Kòtò tóóró kan ló wà láàárín òkìtì àti èbúté. Èèyàn á fẹsẹ̀ la kòtò náà kọjá bí omi bá fà, ṣùgbọ́n bí omi bá ń padà bọ̀, inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn ẹni tó kọjú sí ibú. Ẹni tí kò bá tètè fura, á yíjú padà, á rí i pé ọ̀nà ilé ti di odò.

Àwọn méjèèjì kì í fojú ṣọ́ omi. Etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Bí omi bá ti ń wọ ihò akàn inú kòtò, á máa dún gulu-gulu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ á ká okùn rẹ̀, wọ́n á sì jọ sọdá. Àlejò odò nìkan ló ń ri igi mọ́lẹ̀ kó tó mọ̀ pé omi ń bọ̀, wọn a sì máa fi irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdí nìyí tí ọkàn Bíríkìlà kò fi lọ síbẹ̀ rárá nígbà tó rí igi kan lẹ́nu kòtò, tí wọ́n so òwú pupa mọ́ lórí. Òwú ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ni. Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ni igi náà wà fún. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní igi lásán ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ekòló. Ara fu Bíríkìlà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọ. Ó rí i pé bí wọ́n bá dúró lórí òkìtì, ọrùn Télọ̀ kì í sinmi. Gbogbo ìgbà ló ń bojú wẹ̀yìn wo igi yẹn. Ẹja sì ń jẹ ìwọ̀ rẹ̀ ju ti Bíríkìlà lọ. Bíríkìlà ní ó ti yé òun: ojú ọ̀nà àwọn ẹja ńlá ni ọkùnrin yìí sàmì sí, ó sì fẹ́ dá a jẹ. Pé òun fúnra rẹ̀ ń fi ojú tó yẹ kó fi wo okùn wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò ronú kan ìyẹn.

Bí ìfura bá ti wọlé, gbogbo nǹkan ní í di ẹ̀rí. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń so bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Bíríkìlà kí i, ó tún un kí, ó dúró láàárín àjákù aṣọ bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Ọkùnrin náà kò dáhùn. Bíríkìlà bínú jáde. Lọ́jọ́ mìíràn, bí wọ́n ti ń rìn bọ̀, ó sọ fún un pé ara ìyá òun kò yá, Télọ̀ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí. Èyí dùn ún wọ eegun. Ìyá yẹn ló ń bọ́ àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní kó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè. “Ẹ má fi inú ro ohun tí ẹ lè fi ẹnu bèèrè,” ni obìnrin náà wí. Bíríkìlà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ní bí òwe bá ti dùn lẹ́nu tó báyìí, ọgbọ́n ti tán níbẹ̀, ó sì ń bá aṣọ kíká rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, Bíríkìlà ṣáájú dé odò. Ó fa igi náà tu, ó gbé e gòkè díẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì rì í mọ́lẹ̀ dáadáa bí ẹni tó ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Kò gbé e jìnnà, kí ara má baà fu ẹnì kejì. Èrò rẹ̀ ni pé Télọ̀ yóò máa ju ìwọ̀ síbi tí kò sí ẹja, òun yóò sì jókòó sí ojú ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Nígbà tí Télọ̀ dé, Bíríkìlà ní orúnkún ń dun òun, òun kò ní í sọdá. Télọ̀ wo ẹnu rẹ̀, ó mirí, ó sì dá sọdá.

Bíríkìlà ju ìwọ̀ títí, kò rí nǹkan kan mú ju koríko lọ. Inú ń bí i bọ̀ nígbà tó gbọ́ gulu-gulu nínú ihò akàn. Ó gbójú sókè láti wo Télọ̀ bó ṣe máa ká okùn. Télọ̀ kò ká nǹkan kan. Ó bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó wà lórí òkìtì kì í rí inú kòtò. Orí igi nìkan ló ń hàn sí i. Ó wo òwú pupa náà, ó rí i pé kò mì, ó sì padà kọjú sí ibú pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Bíríkìlà ju okùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Igi àlejò ni. Bí omi bá ti ń wọlé, á mi igi, òwú á máa jó, Télọ̀ á sì mọ̀ pé ó yá. Bíríkìlà sì ti gbé e kúrò lójú omi.

“Télọ̀, jáde! Omi ti dé!”

Ohùn tó fi ń pe alágbàṣe láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fi pè é. Àwọn ẹyẹ tó wà nínú ẹrẹ̀ fò lọ. Télọ̀ kò yí ọrùn. Ó tún pè é, ó tún pè é, kò yí i. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rín ojú ọ̀nà yẹn yé e. Etí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í.

Ó kó sínú omi tòun ti ṣòkòtò. Kòtò tí omi rẹ̀ kò kọjá kókósẹ̀ láàárọ̀ ti ń kàn án láyà. Nígbà tó di apá Télọ̀ mú, ọkùnrin náà ta gìrì, ó wẹ̀yìn, ó rí omi, ó ju ọ̀pá ìwọ̀ àti agbọ̀n nù. Wọ́n di ara wọn mú wọ inú kòtò. Télọ̀ kúrú, omi bò ó mọ́lẹ̀ lágbede méjì, Bíríkìlà sì fi ọrùn ẹ̀wù fà á sókè títí ẹsẹ̀ wọn fi kan ilẹ̀ èbúté.

Télọ̀ wúkọ́ títí. Lẹ́yìn náà ló sọ pé etí òun ti ń kú díẹ̀díẹ̀ láti ọdún tó kọjá. “Mi ò fẹ́ kí o mọ̀,” ló wí. “O máa ní ká má wá mọ́.” Ó wo òkè níbi tí igi wà, ó ní àfi bó bá jẹ́ omi òru àná ló gbé e débẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ rèé, kò sì sí ẹlẹ́rìí kankan ju akàn lọ. Télọ̀ kẹ́yìn sí i, ó ń fún omi kúrò lára ẹ̀wù. “Èmi ni,” ni Bíríkìlà wí sí ẹ̀yìn yẹn. Télọ̀ ń fún ẹ̀wù lọ. Bíríkìlà ti jẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́. Díẹ̀ ló kù kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó rìn yí i ká, ó dúró níwájú rẹ̀. “Èmi ni mo fa igi yẹn tu. Mo rò pé o ń fi ẹja pamọ́ fún mi.”

Télọ̀ wo ẹnu rẹ̀ títí tí Bíríkìlà fi pa á dé.

“Ẹja?” ló bi í.

Lẹ́yìn náà, ó yíjú kúrò, ó jókòó sórí ẹrẹ̀, ó kẹ́yìn sí i. Níbi tó kọjú sí yẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bíríkìlà dúró díẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó tún rìn yí i ká, ó sì lóṣòó sínú ẹrẹ̀ níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ti máa rí ẹnu rẹ̀.