Àbẹ́là Tí Irek Fẹ́ Tàn

Láàárọ̀ ọjọ́ tí adájọ́ ń bọ̀ wá sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láti wò ó bóyá kí wọ́n tú u sílẹ̀ kí ọdún ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó pé, ẹ̀ẹ̀mejì ni Irek Pyrek fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ dẹ́dẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n dá fún un torí pé ó mutí yó wakọ̀, ó sì gbá Stefan Kulawik, ará abúlé rẹ̀, pa. Ó ti lo mẹ́rin níbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò bá àwọn tó ń fojú di wọ́dà ṣẹgbẹ́, ó sì ti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Danuta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ̀wé pé yàrá wà nílé òun. Kí ló tún kù? Àfi kó tètè jáde. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, kò sì tíì fojú kan sàréè rẹ̀. Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ta sì ni ará Poland tí kì í tan àbẹ́là sórí sàréè èèyàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà?

"Má sọ̀rọ̀ jù o," wọ́dà tó ń mú un lọ kìlọ̀ fún un. "Ẹnu ló dá ẹni tó wọlé ṣáájú rẹ padà sí yàrá."

"Tèmi mọ iṣẹ́ ẹ̀, ọ̀gá. Ẹ ṣáà máa wò mí."

Adájọ́ Kozubek, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ló jókòó sẹ́yìn tábìlì, agbẹjọ́rò ìjọba sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi Irek nípa iṣẹ́, nípa ọtí, nípa ibi tó máa gbé. Irek ń dáhùn láìfi falẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀rọ̀ tó fi pamọ́ jáde.

"Àbẹ́là méjì ni mo fẹ́ tàn lọ́dún yìí, mà. Ọ̀kan fún màmá mi, ọ̀kan fún Stefan. Ìṣojú gbogbo abúlé ni màá ti kúnlẹ̀ níbi sàréè ẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé mo ti yí padà."

Agbẹjọ́rò ìjọba mi orí, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Adájọ́ kò mi tiẹ̀.

"Ta lo bi léèrè?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà?"

"Ìyàwó Stefan máa dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀. Ṣé o bi í léèrè?"

A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ohun tí Irek sì fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Lọ́dún mẹ́rin gbáko, ó ti fojú inú rí ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níbi sàréè yẹn láìmọye ìgbà. Kò rí obìnrin náà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú tì í gan-an.

Adájọ́ ṣí ìwé tí òṣìṣẹ́ tó lọ ṣèwádìí lábúlé kọ wá, ó sì ka ọ̀rọ̀ Bożena Kulawik, ìyàwó Stefan, síta: "Ẹ tú u sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ò lè jí ọkọ mi dìde. Ṣùgbọ́n kó fi Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ sílẹ̀ fún mi."

Ó pa ìwé dé. "Sàréè màmá rẹ ò jìnnà sí ti Stefan. Mi ò ní kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé kó o má lọ. Kí lo máa ṣe?"

Irek mọ èyí tó máa dùn létí adájọ́. Ó sì tún mọ̀ pé tóun bá sọ ọ́, òun gbọ́dọ̀ ṣe é.

"Màá jókòó sílé," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Màá lọ rí màmá mi tí gbogbo èèyàn bá ti lọ tán. Ó dùn mí, mà, mi ò ní purọ́. Ti Stefan, mi ò ní débẹ̀ àyàfi tí ìyàwó ẹ̀ bá ní kí n wá."

Wọ́n ní kó lọ dúró níta. Nígbà tí wọ́n pè é padà, adájọ́ dìde dúró.

"Ilé ẹjọ́ tú ọ sílẹ̀. Ọdún méjì lábẹ́ àmójútó, kò sì gbọdọ̀ sí ọtí." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ni kì í hùwà dáadáa níbi tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn? Ẹni tó lè jókòó sílé láìsí kọ́kọ́rọ́ ni mò ń wá."

Nígbà tọ́jọ́ pé, Danuta gbé òdòdó àti àbẹ́là ìyá wọn, ó lọ sí itẹ́ òkú. Irek ń bó ọ̀dùnkún nílé ìdáná. Àwọn ará abúlé ń kọjá lójú ọ̀nà, ó sì gbọ́ ohùn Bożena tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n yára. Danuta ò fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn nígbà tó ń lọ. Irek mú ọ̀dùnkún mìíràn.