Kì í Ṣe Àfòmọ́

"Ta ló ri nǹkan mi mọ́ iyẹ̀pẹ̀?"

Àbúrò ọkọ kò tíì bọ́ bàtà. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì, tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn tí kò mọ̀ rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú bíi búrẹ́dì tó mumi. Ewéko kékeré kan ló ní nílé tó jẹ́ tirẹ̀. Inú ìdọ̀tí hòtẹ́ẹ̀lì ló ti ṣà á, ó fi òwú ìránṣọ so ó mọ́ igi gbígbẹ kan lójú fèrèsé, láìsí iyẹ̀pẹ̀, láìsí ìkòkò. Nígbà tó ká kọ́tìnì lónìí, igi nìkan ló bá. Ewéko wà nínú agolo mílíìkì, iyẹ̀pẹ̀ mù ún dọ́rùn, omi ń jò nídìí agolo.

"Èmi ni, Eyínfúnjowó," ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn láti ìdí síńkì. Ìyàwó ilé kì í dárúkọ àbúrò ọkọ. Orúkọ tó fún un lọ́jọ́ tó wọlé wọn nìyẹn. Ta ló tún wá rí eyín ọ̀hún láti ìgbà tí ilé ọkọ tirẹ̀ ti tú, tó sì kó ẹrù wá sí yàrá ẹ̀yìn?

"Ìgbà wo lẹ gbìn ín?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo ń bomi rin ín láràárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín, òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i!"

Òótọ́ ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ká kọ́tìnì láti ọ̀sẹ̀ náà. Ó fọwọ́ kan ewé àárín, ewé náà tú sí i lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ dúdú, ó ń rùn.

"Ó ti jẹrà."

"Omi ni mo fún un o, mi ò fún un ní májèlé!"

"Omi ọ̀hún náà ni májèlé rẹ̀. Tó bá mu ún tán, ẹ máa dojú ẹ̀ délẹ̀ ni, kí àárín ẹ̀ lè gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e ró."

"Èmi ò kúkú mọ̀. Àfòmọ́ ni, mo ní kí n fún un ní gbòǹgbò tiẹ̀, kó yé gbé lára onílára."

Ọ̀rọ̀ yẹn, àbúrò ọkọ ti gbọ́ ọ rí lára ògiri, níjọ́ tí ìyàwó ń bá àbúrò tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ló bá tan.

"Ìyàwó wa, èwo lẹ ń bá wí, ewéko ni àbí èmi?"

Ìyàwó ti ẹnu ẹ̀rọ omi. Ó lè purọ́. Kò pa á.

"Ẹ̀yin méjèèjì. Ó rẹ̀ mí ni. Àwọn ọmọ mi ń sùn lé ara wọn lórí bí ẹja inú agolo. Ẹ̀gbọ́n yín ò lè sọ ọ́, ọmọ ìyá ẹ̀ ni yín. Èmi tí mo lẹ́nu, èmi ni mo wá di ìkà."

"Àfòmọ́ a máa mu omi ara igi. Eléyìí ò mu nǹkan kan. Ó kàn di igi mú kó má baà ṣubú ni."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n igi ò mọ ìyẹn. Ohun tí igi mọ̀ ni pé nǹkan wà lára òun."

Àbúrò ọkọ wò ó. Kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, eyín náà sì yọ, funfun bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ.

"Ẹnu yín yìí, ìyàwó wa! Kò sẹ́ni tó lè rà á."

Ó tú agolo dà sílẹ̀. Nídìí ìyá ewéko tó ti jẹrà, ọmọ kan ń yọ, kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ó yà á sọ́tọ̀, ó ṣan án, ó dojú rẹ̀ dé orí aṣọ ìnuwọ́.

"Obìnrin tá a jọ ń lọṣọ ti ń pè mí kí n wá ká jọ gba yàrá. Mo máa dá a lóhùn lọ́la. Èmi ni mo máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kọ́."

Ìyàwó nu ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Ó mú igi gbígbẹ náà lójú fèrèsé, ó nà án sí i.

"Ẹ so ó mọ́ eléyìí, kẹ́ ẹ gbé e dání."

"Rárá," àbúrò ọkọ ní, ó sì jókòó láti bọ́ bàtà. "Ẹ jẹ́ kí igi sinmi."