Òjìji Apá Òsì

Ojú òsì nìkan ni Ìyá Aránṣọ fi ń ríran. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ lẹ awọ ẹ̀yìn ojú náà tó ṣí, tí òjìji kan fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ò bà á. Ibẹ̀ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká òsì, ni ọkọ rẹ̀ tó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn máa ń dúró sí tí òun bá ń ránṣọ.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ó rẹ́rìn-ín, "ikú pàápàá ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń jókòó?"

Ojoojúmọ́ ni òjìji náà ń sún síwájú. Dókítà ti kìlọ̀ pé tó bá rí ohun tó jọ aṣọ ìkélé lójú, kó sáré wá. Ó gbọ́, kò kúkú dití. Àmọ́ ojú ọkùnrin náà ti ń parẹ́ lọ́kàn rẹ̀, ìyẹn sì ń dùn ún ju ikú náà lọ. Tí òjìji bá dé iwájú, wọn á wo ara wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Obìnrin tó gbọ́n tó báyìí gbé iná sórí òrùlé, ó sì sùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmọbìnrin rẹ̀ bá a níbi tó ti ń sún àga sápá òsì.

"Màámi, ta lẹ fẹ́ fún lága?"

Ó jẹ́wọ́. Ọmọ ò bá a jà. Ó wọ bàtà fún un, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà wo ojú náà pẹ́. "Mama, ẹ ò bá ti tètè wá. Awọ náà tún ti ń ṣí. Iná lésà la máa fi ṣọgbà yí i ká. Tá a bá fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ò ní ríran mọ́."

"Òjìji náà ńkọ́?"

"Ibi tó dé yẹn ló máa dúró sí. Kò ní lè kọjá ibẹ̀."

Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó wá gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ. Iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú, ó ń ta á lẹ́yìn ojú bí abẹ́rẹ́ tó gún ìka. Ó mọ̀ pé òun àti dókítà ló jọ ń sé ọkọ òun mọ́ta. Omijé ń bọ́, wọ́n ní kó má mira, kò sì mira.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, òjìji náà dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò sún, ìyá wá ráyè wò ó dáadáa.

"Màámi, ṣé ó ti lọ?" ọmọ rẹ̀ bi í.

"Ó wà níbẹ̀," ni ìyá wí. "Àṣé látọjọ́ yìí, ẹ̀yìn ló kọ sí mi."