Ògiri Tí Mo Fọ̀ Tí Kò Mọ́

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá ewé ara ògiri jà. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí: ewé wínníwínní tó máa ń hù síbi tí omi bá ti ń jò, tí kò ní òdòdó, tí kò ní èso, tí ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ níṣẹ́. Iṣẹ́ afọgiri ni mo ṣe jẹun. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi sọ pé ewé yẹn gan-an lòun fẹ́ fi gboyè, mo bi í pé ṣé ewé ti tán láyé ni, tó fi jẹ́ ọ̀tá ìyá rẹ̀ ló yàn lọ́rẹ̀ẹ́.

Ọ̀fíntótó ni mo ń pè é láti kékeré, torí kò sí ohun tí kì í tú wò. Ó tú rédíò, ó tú aago, lọ́jọ́ kan ó tú bàtà mi tuntun kó lè mọ ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Ó ní inú ewé ara ògiri kún fún oríṣiríṣi oje tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà tán. Mo ní kó máa kà á lọ, èmi ti fọ̀ ọ́ tó.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wọlé, ó jókòó, kò bọ́ bàtà. Mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí mi ní mo da ìgò pọ̀, Màámi."

Oríṣi ewé kan ṣoṣo ló já lára ilé kan ṣoṣo, ó kó o sínú ìgò méjì, ó fún oje wọn. Oje ìgò kìíní kò ní nǹkan kan nínú tó ṣe é wò, ti ìkejì dúdú, ó kún bámúbámú. Ọ̀gá ní ewé kan náà kò lè so oje méjì, pé aláìbìkítà ni. Bí kò bá rí àlàyé ṣe kí oṣù méjì tó pé, ẹlòmíì ló máa gba iṣẹ́ tó ti fi ọdún mẹ́ta ṣe.

"Ṣé o dà á pọ̀?"

"Mi ò dà á pọ̀! Mo ti wo àwọn ìgò yẹn títí ojú fi ń dùn mí."

"Níbo lo ti já a?"

Ó wolẹ̀. "Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ nígbà yẹn."

"Ògiri wo?"

"Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ṣebí ògiri ni ògiri, Màámi."

Orí mi gbóná. Ọmọ tí mo fi owó ògiri rán níwèé!

"Jókòó dáadáa kó o gbọ́," mo ní. "Oríṣi mẹ́ta ló wà lára ilé yẹn, èmi ni mo sì sọ wọ́n lórúkọ. Oníyẹ̀ẹ́ nà gbọọrọ. Yálà oòrùn pa á tàbí kò pa á, bó o bá ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ nìyẹn. Kànrìnkàn máa ń rùn bí olú. Ṣùgbọ́n Tìmùtìmù tó rí roboto yẹn, alábòsí ni. Níbòòji, omi rẹ̀ á mọ́ gaara. Nínú oòrùn, omi rẹ̀ á pọ́n bíi tíì, á wọnú ògiri, á kọ̀ láti jáde."

Ó ti mú bírò. "Ta ló sọ fún yín?"

"Búrọ́ọ̀ṣì mi."

Nígbà náà ni mo bi í bóyá ó rántí igi ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Kí wọ́n tó gé e, ògiri ẹ̀yìn máa ń mọ́ bí àwo. Ọdún tí wọ́n gé e tí oòrùn ráyè pa ògiri ni àbàwọ́n bẹ̀rẹ̀, ọdún náà ni wọ́n sì lé mi. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè mí síta níwájú gbogbo olùkọ́, ó fi ìka wọ́ ògiri, ó ní mo ti ya ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi níbẹ̀, Ọ̀fíntótó, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bá mi lọ, a sì fọ ògiri yẹn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a ṣe tán, ó wo ògiri, ó wò mí, ó ní, "Màámi, ṣé ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa báyìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ọ̀gá lọ. Mi ò dá a lóhùn.

Ọdún méjìlá nìyẹn. Láti ìgbà náà mo ti fọ ògiri púpọ̀ níbòmíì, mo sì ti mọ ìwà Tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á lẹ́nu afọgiri?

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ kọ̀ lẹ́nu géètì, mo bá a wí, ó wọlé. Ọ̀fíntótó fi awò rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo Tìmùtìmù iwájú tó wà lábẹ́ òrùlé, ó wo ti ẹ̀yìn tí oòrùn ń pa. Oríṣi kan náà ni. Ó rọra ṣí ẹyọ kan níwájú, níbòòji, ó fi ọ̀bẹ pín in sí méjì. Nílé mi, a gbé ìdajì sábẹ́ táńkì omi, a gbé ìdajì yòókù sórí fẹ́ǹsì níbi tí oòrùn ti ń ta jù. Kọ́ọ̀pù kan náà ni mo fi ń bu omi fún àwọn méjèèjì láràárọ̀.

Èmi tí mo ti pa àìmọye wọn! Aládùúgbò bi mí ohun tí mo gbìn. Mo ní ọ̀tá mi ni.

Ọ̀fíntótó fi awò yẹn sílẹ̀ fún mi, mo sì fojú sí i lọ́jọ́ kan kí n kàn wò ó. Mo gbàgbé iṣẹ́ àárọ̀. Ewé gidi ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, omi dúró róbótó lórí wọn. Ọgbọ̀n ọdún, mi ò rí i rí. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, orí èyí tó wà lórí fẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, ariwo ni mo fi sọ fún un.

"Oòrùn ló ń jó o," ó ní. "Mo rò pé oje yẹn ló ń fi ṣe agbòòrùn."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, ó mú mi dání lọ sí yàrá àyẹ̀wò wọn. Ó kán oje ìdajì méjèèjì sí ìsàlẹ̀ gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi nǹkan funfun kùn lójú, ó gbé e dúró sínú sípírítì díẹ̀. Sípírítì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé oje lọ, ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú oje sì ń dúró sí àyè tirẹ̀. Nígbà tó gbẹ, wọ́n tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i. Lójú ọ̀nà ti ibòòji, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan. Lójú ọ̀nà ti oòrùn, àmì dúdú tò láti ìsàlẹ̀ dókè.

Ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ ba, ó wò ó. "O ò da ìgò pọ̀," ó ní. "Ìwọ lo ni iṣẹ́ rẹ. Ta ló ní kó o wo ti oòrùn?"

Ọmọ mi nawọ́ sí mi. Ọ̀gá yíjú. "Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ẹ ní ìbéèrè kankan?"

"Ẹyọ kan ni. Èyí tó dúdú yìí, bó bá ti wọnú ògiri, ṣé búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ lè ká a?"

"Ọṣẹ kẹ̀? Rárá o, Mà. Bẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ di ọ̀la, á ṣì wà níbẹ̀."

Ọ̀fíntótó gbé gíláàsì sílẹ̀. Ó kọjú sí mi, mo sì mọ̀ pé ògiri ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló rántí.

"Màámi," ó ní, "ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo dá a lóhùn. "Mo fọ̀ ọ́ dáadáa."