Ọbẹ̀ Funfun Pupa

Kékeré ti fi ṣíbí igi gbá etí ìkòkò kó tó mọ̀ pé òun gbá a. Kó, kó. Ọwọ́ rẹ̀ ló dá a ṣe. Òun kì í gbá ṣíbí mọ́ ìkòkò láyé rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, Kékeré ló sì máa ń kígbe mọ́ ọn pé, "Pupa, ṣé o fẹ́ fọ́ ìkòkò ni?"

Ó dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀wà funfun ń hó nínú omi adìẹ níwájú rẹ̀. Láti inú yàrá tó fara ti ilé ìdáná, ohùn ìyá rẹ̀ jáde, ohùn tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìjẹta.

"Pupa? Ṣé ìwọ nìyẹn?"

Orí Kékeré wú.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Kékeré yìí ti lé ní ogójì ọdún, ó sì sanra ju ìyá rẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ séèyàn léwe kì í gbọ́ pé ẹni náà ti dàgbà. Aṣọ ló ń rán. Nígbà tí Pupa, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn, kú lójijì lọ́dún tó kọjá, Kékeré gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá síbẹ̀, torí ìyá náà ti ń gbàgbé nǹkan. Ohun tó wá ń gbàgbé jù lọ ni ikú Pupa. Àràárọ̀ ni yóò béèrè rẹ̀. Kékeré, tí kò mọ irọ́ í pa, yóò ní, "Màámi, Pupa ti kú," ìyá yóò sì bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Òótọ́ korò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fún èèyàn ní ìkorò kan náà gbé mì lójoojúmọ́? Nígbà tó yá, ìyá kò béèrè mọ́. Ó pa ẹnu dé, kò sì ṣí i fún oúnjẹ mọ́.

Kékeré se ìrẹsì, ó se ẹyin, ó se ọ̀dùnkún. Ògiri ni ìyá kọjú sí. Láàárọ̀ yìí ni nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó wá sọ ojú abẹ níkòó.

"Àǹtí, bí Màámá ò bá jẹ nǹkan kan lónìí, a máa gbé wọn lọ sọ́sibítù lọ́la ni o. Rọ́bà la máa kì bọ imú wọn láti fi fún wọn lóúnjẹ."

Ìdí nìyẹn tó fi gbé ọbẹ̀ Pupa kaná. Ibi tí Pupa ti ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ló ti kọ́ ọ: adìẹ, ẹ̀wà funfun, ata aláwọ̀ ewé, àlùbọ́sà, aáyù, àti wàrà nígbẹ̀yìn; kò sí tòmátì, kò sí epo pupa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sè é nílé, ìyá ní, "Ọbẹ̀ wo ló funfun tó báyìí? Ṣé nǹkan ló dẹ́rù bà á ni?" Lẹ́yìn náà ló lá abọ́ mọ́ féfé.

Kékeré fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà mọ́ ara ìkòkò, kí ọbẹ̀ lè ki. Ó fa ẹran adìẹ ya kúrò lára egungun, ooru rẹ̀ ń jó o níka. Aṣọ ìdáná Pupa ṣì wà níbi tó gbé e kọ́ sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ibi tí iná ti jó o létí. Kékeré kọ ẹ̀yìn sí i, síbẹ̀ ó ń ṣe é bíi pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀. Ó bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò. Òun tí wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò dùn! Ọbẹ̀ náà dùn gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń dùn, ẹ̀rù sì bà á.

"Pupa!" Ìyá tún pè. "Mo gbọ́ ṣíbí ẹ. Ṣé o ò gbọ́ pé mò ń pè ẹ́ ni?"

Wọ́n ní bí iná bá kú, á fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Tó bá jẹ́ ọmọ ló kọ́kọ́ lọ ń kọ́? Bí Kékeré bá dáhùn bíi Pupa, ìyá á jẹun. Ṣùgbọ́n bó bá dáhùn, ta ni yóò kù tó ń jẹ́ Kékeré nínú ilé yìí? Ìyá kò pe orúkọ náà mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń dun Kékeré pé Pupa ni ìyá fẹ́ràn jù.

Ó da wàrà sí i. Ọbẹ̀ náà funfun báláú.

"Màámi, mò ń bọ̀."

Láti ìgbà èwe ni àwọn èèyàn kì í ti í mọ ohùn àwọn méjèèjì yàtọ̀ lórí fóònù. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ti ta ni.

Ó gbé abọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wo ojú rẹ̀ títí, Kékeré sì gbójú sílẹ̀. Ìyá la ẹnu. Ó jẹ ṣíbí kìíní pẹ́, ó gbé e mì, ó tún la ẹnu.

"O pẹ́ kó o tó dé o," ó ní.

"Ẹ máà bínú, Màámi."

Abọ́ náà ti dé ìdajì nígbà tí ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ díẹ̀ sí i."

"Ó tó." Ìyá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ti Kékeré lèyí tó kù. Ìwọ náà mọ̀ pé kì í béèrè. Á ní òun ti yó, bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀. Pè é."

Lóòótọ́, Kékeré kò tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀. Ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó sì kọjú sí aṣọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Kékeré!" ó pè, sókè, kí ìyá lè gbọ́ ọ nínú yàrá. Ó nu ojú rẹ̀.

"Mò ń bọ̀," ó dáhùn.

Nígbà tó padà wọlé, ìyá ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà, ó nà án sí i.

"Kékeré, jẹun kó tó tutù. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló sè é."

Kékeré gbà á, ó jókòó, ó sì jẹ ẹ́ tán lójú ìyá rẹ̀.