Òkúta Tí Iná Kò Gbọdọ̀ Kàn

Láti ìgbà tí Àkànkẹ́ ti ra òkúta náà ní Sekona ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Òkúta aláwọ̀ ewé ni, kò ju hóró àgbàdo lọ.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Lọ́dún tó kọjá, ó fi òkúta pupa kan ṣe ẹ̀gbà ọrùn fún ìyàwó tuntun, àṣé gíláàsì tí wọ́n kùn ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyàwó fi wẹ̀ tí pupa fi ṣí, ọ̀rọ̀ náà sì kárí Ẹdẹ. Ní báyìí, Ìyá Ẹ̀bùnolúwa, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìjọ onígbàgbọ́ kan, ti ní kó wá ojúlówó òkúta sí òrùka ìgbéyàwó ọmọ òun. Sátidé yìí ni ìgbéyàwó. Bí èyí bá tún jẹ́ ayédèrú, kí Àkànkẹ́ yáa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ó ti fẹ́ èémí sí i, ó ti fi lé ahọ́n, ó ti gbé e sóòrùn wò. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó gbé e lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọládélé, olùkọ́ kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ òkúta wò. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà, ó ní òun máa pè é bí òun bá ti wo ìwé òun tán. Ọjọ́ méjì rèé, fóònù kò dún.

Èyí tó wá ń kọ ọ́ lóminú jù ni ọ̀rọ̀ tí Àjàní, ẹni tó ta òkúta fún un, sọ nígbà tó ń dì í: "Ẹ má fi iná kàn án o."

Ta ló ń bẹ̀rù iná bí kò ṣe onírọ́bà? Nílé bàbá Àkànkẹ́ ní Alájùé, níbi tí wọ́n ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn olóòṣà láti ìran dé ìran, iná ni wọ́n fi ń dán iyùn wò. Iyùn gidi kì í yọ́. Gbogbo oníjìbìtì tó sì gbé iyùn rọ́bà wá bá wọn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹ má fi iná kàn án.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó tan sítóòfù, ó fi ẹ̀mú mú òkúta, ó nà án sórí iná. Kò yọ́, kò rùn. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Ó sọ ọ́ sínú ife omi kó lè tètè tutù, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Ó gbọ́ tí nǹkan dún kàù. Nígbà tó máa fi yọ ọ́ jáde, ó ti là sí méjì.

Fóònù dún.

"Ẹ kú ọ̀sán, Mà," Ọládélé wí. "Ojúlówó ni. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó rí iná, torí ooru máa ń là á."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni Ìyá Ẹ̀bùnolúwa wọlé. Àkànkẹ́ di òkúta tó là náà mọ́wọ́. Ó lè sọ pé ayédèrú ni, kó di ẹ̀bi lé Àjàní lórí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Àkànkẹ́, ṣé ojúlówó ni?"

Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ojúlówó ni, Mà. Èmi ni mi ò gbà á gbọ́."